Ẹ Gbé Ṣáláńgá Kúrò Nínú Pálọ̀ Mi

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni, nínú ọ́fíìsì káńsù kan tí fáànù òkè ibẹ̀ ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá jí lójú oorun. Ọkùnrin tó so táì, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Máàpù, nítorí òun ló kó gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú sórí máàpù íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ara ń kán lè tẹ fóònù kó mọ ibi tó máa sá gbà. Ẹni tó fi ìdí ti ilẹ̀kùn wọlé láì kàn án ni Ìyá Tónítóní, alábòójútó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹta. Lókè, aṣọ àlejò ló wọ̀, nísàlẹ̀, bàtà rọ́bà iṣẹ́.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ gbé e kúrò!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹ káàsán, mà. Kí la fẹ́ gbé?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ṣáláńgá. Ẹ gbé ṣáláńgá kúrò nínú pálọ̀ mi kó tó di aago mẹ́rin.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó gbé ife tíì kalẹ̀) Ìyá, ẹ ti ṣi ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń gbẹ́ ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ yẹn. Ẹ kàn máa tẹ̀lé imú yín.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ta ló bá yín sọ ti gbígbẹ́? Ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ nǹkan kan. Sìmẹ́ńtì pálọ̀ mi ń dán débi pé ẹ lè da ọbẹ̀ sí i kí ẹ lá a. Orí fóònù ni ẹ ti gbé ṣáláńgá síbẹ̀! Láti àárọ̀ ni gbogbo ayé ti ń wọlé tọ̀ mí wá, tọwọ́ tọwọ́ lórí bẹ́líìtì.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ojú rẹ̀ tàn) Máàpù mi! Ṣé wọ́n ti ń lò ó? Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i!

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lò ó sórí rọ́ọ̀gì mi!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹ jókòó, mà. Ẹ fara balẹ̀.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: N ò jókòó. Ìjókòó ló kó wa dé ibi tá a wà yìí. Ẹni àkọ́kọ́ dé ní aago méje. Ó kí mi dáadáa, mo ní kó jókòó, mo gbé omi tútù fún un. Ó ń mira nínú àga bí ẹni tí èèrùn wọ̀ láṣọ. Ó ní, “Ìyá, ẹ dákun, ẹ má fún mi lómi mọ́. Èyí tó wà nínú mi gan-an ni mò ń wá ibi tí mo máa dà á sí.”

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹ ṣàánú ẹ̀ ṣá?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Mo ṣàánú ẹ̀. Ẹnì kejì ò tiẹ̀ kí mi. Ó wo àga ńlá, ó wo àga kékeré, ó ní, “Èwo ni ti ọkùnrin?”

(Ọ̀gá Máàpù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìyá. Ó gbé ẹ̀rín náà mì pẹ̀lú tíì.)

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Nígbà tó di aago mọ́kànlá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan já èrò méjìdínlógún sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n tò! Wọ́n tò títí dé ilé kẹrin sí tiwa. Àwọn tó wà níwájú ń tò, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tọ̀!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ṣé wọ́n tiẹ̀ rí ilé náà wẹ́rẹ́?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Bí ọta ìbọn! Ohun tó ń dun èmi nìyẹn. Ilé mi yìí, kọ̀rọ̀ inú kọ̀rọ̀ ni. Àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, ó máa ń ṣìnà, á lọ máa kí àwọn ẹlòmíì. Àmọ́ àwọn onígbẹ̀ẹ́ yìí, tààrà! Ọmọ mi tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó tún máa ṣìnà wá sílé wa mọ́. Mo ní kó gba ìgbálẹ̀ kó yé yọ eyín.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ mi dáa?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ gbọ́ mi, mo ṣì ń fi ẹ̀yin bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́rin òní ni àwọn òbí ọkọ ọmọ mi ń bọ̀ wá kí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi ti pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àfẹ́sọ́nà àkọ́kọ́ lọ ra búrẹ́dì, kò padà. Èkejì ò tiẹ̀ sọ pé búrẹ́dì lòun fẹ́ rà. Èyí ló kù. Ìyá rẹ̀ wá rèé, wọ́n ní tó bá bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fọwọ́. Ó ti ń sọ kiri pé ọmọ onígbẹ̀ẹ́ ni ọmọ òun fẹ́ gbé. Mo ránṣẹ́ sí i pé iṣẹ́ mi lọ́tọ̀, ilé mi lọ́tọ̀, kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Kó wá dé, kó wá bá èèyàn mẹ́fà tó di ikùn mú lórí rọ́ọ̀gì mi ńkọ́? Ṣé ẹ máa fẹ́ ọmọ mi ni?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Mo ti níyàwó, mà.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ẹ gbé e kúrò.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó na ọwọ́ bí olùkọ́) Ìyá, ohun tí ẹ ń sọ yìí ò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nílùú, mo ti kó wọn sínú nǹkan kan tá à ń pè ní déétàbéèsì. Ilé ìṣúra ni.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ilé ìṣúra. Ìgbẹ́.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Orúkọ wọn ni mo kó síbẹ̀! Orúkọ, iye ihò, alábòójútó, ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀, aago tí mo bẹ̀rẹ̀, aago tí mo parí, àti nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Máàpù á ka nọ́ńbà yẹn, á fi àmì pupa síbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ àmì yẹn, gbogbo ohun tó wà nínú ìṣúra ló máa jáde. Kò fi nǹkan kan pamọ́! Ta ló fún mi ní nọ́ńbà? Sátẹ́láìtì, láti ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì kì í parọ́, mà. Tó bá tiẹ̀ ṣìnà, kò lè ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé wọ pálọ̀ mi.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹ wò ó fúnra yín. Ìlú rèé. (Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀yìn máàsì, eku kọ̀ǹpútà. Àwọn àmì pupa sún mọ́ra, wọ́n di òbìrìkìtì kan ṣoṣo tí a kọ “9” sí láàárín.)

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Yéè! Ẹ ti kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀! Ẹ kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá bá mi!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Rárá, mà, a jìnnà sí wọn ni. Tí èèyàn bá jìnnà, wọ́n á para pọ̀. Tí a bá sún mọ́ wọn, wọ́n á tú ká.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Bí ẹbí mi gẹ́lẹ́, àmọ́ tiwa, tí a bá sún mọ́ra la máa ń tú ká. Ẹ sún mọ́ ọn.

(Ó sún mọ́ ọn. Òrùlé yọ, òpópónà yọ, igi yọ. Ìyá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì kọ̀ǹpútà.)

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ dúró! Táǹkì búlúù wa nìyẹn. Ògiri tó wó nìyẹn. Kí ni pupa yẹn lórí okùn?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Aṣọ tí ẹ sá ni.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Pátá mi nìyẹn! Sátẹ́láìtì ń wo pátá mi láti ọ̀run?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Kì í ṣe ti òní, mà. Àwòrán yẹn ti tó ọdún méjì.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ọdún méjì? Pátá yẹn ti sọ nù! Ó ti pé ọdún méjì gan-an tó ti sọ nù! Ẹ sún un díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹni tó ń bọ̀ wá kó o.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó ń gé ètè jẹ) Ẹ jẹ́ ká tẹ àmì. Ẹ̀n-ẹ́n. “Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kẹta. Ihò mẹ́rin. Alábòójútó: Ìyá Tónítóní.” Àwọn aráàlú náà tún lè kọ èrò wọn síbẹ̀. Ẹnì kan ti kọ tirẹ̀ láàárọ̀ yìí: “Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àga wà, tẹlifíṣọ̀n wà, wọ́n fún mi lómi tútù. Àmọ́ mi ò rí ihò.” Ó fún yín ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: (ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe) Kí ló torí ẹ̀ yọ ìràwọ̀ kan?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ìyá, ihò ni.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Aláìmoore. Omi inú fíríìjì ni mo fún un! (Ó rántí ìbínú rẹ̀.) Ẹ wò ó, àmì yẹn ò tiẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú ilé ni. Ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Àga ńlá mi ni. Àga tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ tí ẹ wá.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Àga tí mo...

(Ó gbé ọwọ́ sí táì, ó tú u díẹ̀.)

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Kí ló dé? Ẹ ń wò bí ẹni tó gbé eegun mì.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ìyá. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá bá yín lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ dúró síbẹ̀ kí n kọ fọ́ọ̀mù sínú fóònù. Ẹ ò gbà fún mi.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbà ni? Ta ló ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní a ó lọ sílé. Ẹ jókòó, mo dín ẹyin fún yín.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ẹyin mẹ́ta.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Àti búrẹ́dì. Ẹ jẹun, ẹ ń bi mí, mò ń dáhùn, ẹ ń fi ìka kan tẹ fóònù.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Nígbà tí mo sì kọ ọ́ tán, mo tẹ “Fipamọ́”. Fóònù yẹn, mà... ibi tí wọ́n bá ti tẹ “Fipamọ́” ló máa ń béèrè lọ́wọ́ sátẹ́láìtì. Kò mọ ibi tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí a jókòó sí ló mọ̀.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: (ó rò ó díẹ̀) Ìyẹn ni pé sátẹ́láìtì bojú wolẹ̀ láti ọ̀run, ó rí yín tí ẹ ń jẹ ẹyin mi, ó ní: ṣáláńgá rèé.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ báyẹn...

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Lóòótọ́, kì í parọ́!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àmì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan) Ìkíní. Baba Onífìlà. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ káńsù dúró nínú òórùn, ó mú mi lọ sílé, ó fún mi ní ẹ̀pà. Ìkejì, ìyàwó alábòójútó ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí n wá gbé ọmọ. Ìkarùn-ún, búrẹ́dì àti ẹyin. Ìkeje, búrẹ́dì àti ẹyin. Ìkẹjọ, ìkẹsàn-án... Yéè, orí mi o! Ilé èèyàn ni gbogbo ẹ̀!

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ọ̀kan ò tiẹ̀ tọ̀nà?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ìkẹrin nìkan. Ọkùnrin ibẹ̀ yẹn ò níwà. Ó ní tí mo bá ní nǹkan í bi òun, kí n dúró síbẹ̀ kí n bi òun, òun ń fọ ihò lọ́wọ́. Òun nìkan ni àmì rẹ̀ wà níbi tó yẹ.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ̀kọ́ ilé ló wá pa àwa yòókù. Ó dáa, ohun tó ṣe yín ti yé yín. Ẹ gbé tèmi kúrò, aago mẹ́ta ti fẹ́ lù.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó nu ojú, ó tún táì so, ó padà di òṣìṣẹ́) Ìyá, ọ̀rọ̀ ti yé mi, àmọ́ ètò wà. Ẹ máa kọ lẹ́tà. Lẹ́tà á lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Akọ̀wé á gbé e fún ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà á buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Aago mẹ́rin ni mo sọ!

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Èmi ò kàn lè dédé fọwọ́ kan déétàbéèsì, mà. Ohun ìjọba ni.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ó dáa. (Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé bàtà rọ́bà kan lé èkejì.) Ẹ ò sọ ti ìkẹfà.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Kí ni?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ìkíní, ìkejì, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án. Ẹ fo ìkẹfà. Ti Àǹtí Apọ́nbéporẹ́, alábòójútó ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Kò... kò pọn dandan.

(Ìyá na ìka tó gùn jù lọ́wọ́ rẹ̀ kọjá níwájú ọkùnrin náà, ó tẹ máàsì fúnra rẹ̀. Àmì ṣí.)

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Mo ka ìwé díẹ̀, ẹ má bínú. “Ìbẹ̀rẹ̀: aago méjì ọ̀sán. Ìparí: aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Háà. Ihò mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Méjì.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ fi wákàtí mẹ́rin ka ihò méjì.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Òjò ń rọ̀.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Inú ẹ̀ẹ̀rùn. (Ó sún mọ́ gíláàsì.) Mo mọ ilé yìí bí ẹni mọ owó. Pálọ̀ ẹ̀ kọjú sí títì. Ibi tí àmì yìí wà, ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Èmi ni mo bá a gbé bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá yẹn.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó fi ọwọ́ tó ní òrùka pamọ́ sábẹ́ tábìlì) Sátẹ́láìtì náà... ó lè ṣìnà díẹ̀, mà.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ìṣísẹ̀ mẹ́ta lẹ sọ. Láti pálọ̀ dé bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni, mo kà á, torí bẹ́ẹ̀dì yẹn wúwo. Ṣé ìyàwó yín ti ṣí máàpù yìí?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Òun ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó ní òun fẹ́ fi mí yangàn.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ó ti tẹ ìkẹfà?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ó ti tẹ ìkíní dé ìkẹta kó tó sùn lánàá.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ìkẹfà ò jìnnà sí ìkẹta. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ lẹ́tà mi. Ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, iṣẹ́ kíkó sì niṣẹ́ tèmi.

(Ó dìde. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, Ọ̀gá Máàpù ti di máàsì mú bí ẹni tó di okùn mú nínú kànga.)

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ìyá, ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́! Kí la wá ń fi ọ̀gá àgbà ṣe? Ibo lẹ fẹ́ ká gbé e sí?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ wá ń sọ̀rọ̀. Ẹ fà á sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kó kọjá igi. Ẹ rọra! Ẹ ti gbé e lé orí ilé oníbúrẹ́dì! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ohun tó wà nínú búrẹ́dì ẹ̀ ni?

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ibí ńkọ́?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Òrùlé páànù mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ yẹn. Òun ni! Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ẹ wò ó bó ṣe mọ́, kódà láti ọ̀run.

(Ó fi àmì sílẹ̀ síbẹ̀. Ó tẹ “Fipamọ́”. Wọ́n jọ mí kanlẹ̀.)

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Ó ti tán. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àmì yẹn báyìí, ibi iṣẹ́ yín ni á gbé e dé, títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa wá sí pálọ̀ yín mọ́.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ọmọ mi, Ọlọ́run á yanjú tìẹ náà fún ọ. Ìkẹfà yẹn, gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ìyàwó ẹ tó dé orí ẹ̀. N ò rí nǹkan kan. Jẹ́ kí n sáré lọ bọ́ bàtà yìí. (Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò.) Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ mi rèé. Hẹ́lò? Má dààmú, mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀, ilé ti... Wọ́n ti dé kẹ̀? Aago mẹ́ta péré! Ó dáa, kí wọ́n wọlé, fún wọn lómi... Wọn ò sí níbẹ̀? Ibo ni wọ́n wà nígbà náà? (Ó tẹ́tí sí i.) Ìwọ lo fi ọ̀nà ránṣẹ́ sí wọn? Ọ̀nà wo? (Ó bojú wo kọ̀ǹpútà. Ó jókòó wọ̀ọ̀.) Àmì pupa.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Láàárọ̀, nígbà tó rí i pé gbogbo ayé ń rí ilé wa láì béèrè ọ̀nà, ó fi àmì yín ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ ẹ̀. Ó ní kó ṣáà tẹ̀ ẹ́, á gbé e dé pálọ̀ wa.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: (ó rọra) Àmì bá sún, ọ̀nà á sún tẹ̀lé e.

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: Ìyá náà ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, òun, ọkọ ẹ̀, àti àbúrò ọkọ ẹ̀ méjì. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ihò kìíní pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ó ní ilé náà mọ́ lóòótọ́, àmọ́ òun fẹ́ mọ ilẹ̀kùn wo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pálọ̀.

Ọ̀GÁ MÁÀPÙ: Háà! Ìyá, kí la máa ṣe báyìí?

ÌYÁ TÓNÍTÓNÍ: (ó gbá tábìlì, ife tíì fò) Kí lò ń wò? Yára dá ṣáláńgá padà sínú pálọ̀ mi!